Ẹsẹ̀ Iwájú 504: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Wa

Òkun o, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gun 504. Láti Kàbbà dé Ìsánlú, wọ́n ṣì kù díẹ̀, àwọn tí bàbá fi sílẹ̀ tí ọmọ ò sì gbà láti tà. Bí owó díẹ̀ bá ti wọlé, ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn síprìn àti ṣọ́ọ̀kì tó gbé imú ọkọ̀ dúró, ni onítọ̀hún á kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun mú le. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Rírọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀nà wa tètè pa á. Síprìn rẹ̀ ń lọ sókè sódò dáadáa, kòtò á gba táyà, ara ọkọ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá fi síprìn líle ti ọkọ̀ akẹ́rù sí i kí imú rẹ̀ lè ga, ìyà tí síprìn ń jẹ tẹ́lẹ̀, ara ọkọ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́.

Mo ti ṣe é rí. Síprìn píkọ́ọ̀pù ni wọ́n fi iná gáàsì gé sí ọkọ̀ bàbá mi. Imú rẹ̀ ga lóòótọ́, inú mi sì dùn. Kò pé oṣù mẹ́ta, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo omi, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ọ̀dà, níbi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ara ọkọ̀. Mo fi èékánná họ ọ́. Ọ̀dà bó, ìpata yọjú: irin ti là. Síprìn tí wọ́n sì fi iná gé yẹn, iná ti pa agbára ibi tí ó kàn, ìdí rẹ̀ kò sì jókòó dáadáa nínú àwo rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé síprìn.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni àwọn rọ́bà búṣìn tó wà ní oríkèé apá ẹsẹ̀, àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá náà. Búṣìn tó ti là bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, ṣọ́ọ̀kì tuntun ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ariwo "kò-kò-kò" tí ẹ ń gbọ́ ní gálọ́ọ̀pù á ṣì wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó bá sì ti jẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín pákì rẹ̀, ìyẹn kí ó fi nǹkan dí àlàfo inú rẹ̀, tàbí kí ó fi wẹ́dà sí i. Bí ó bá já lórí eré, táyà á yẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, kò sì sí sítíárín tó lè yà á mọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í kà sí rèé. Wọ́n á fi búṣìn tuntun sí i nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, wọ́n á sì fún bóòtù rẹ̀ pa níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀, rọ́bà náà á lọ́, á sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru, kò sì ní pẹ́ ya. Ẹ kàn fi ọwọ́ dè é ná. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn kí ó jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún un pa.

Ẹ má fi okùn tàbí wáyà di síprìn láti tú u. Irin tí a fi ń fún síprìn pọ̀ wà, ẹ yá a bí ẹ ò bá ní. Síprìn tó bá já mọ́ni lọ́wọ́ lè pààyàn. Méjì méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ẹ má sì jẹ́ kí bíréèkì máa fi rọ́bà epo rẹ̀ rọ̀.

Àláímẹ́ǹtì, ìyẹn títò táyà kí wọ́n kọjú síbi tó yẹ, ló kẹ́yìn, dandan sì ni, nítorí gíga ọkọ̀ ti yàtọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà kankéré Ọbájànà láàárọ̀ kùtù, kí tírélà sìmẹ́ńtì tó kún ibẹ̀. Ẹ rọra di sítíárín mú, ẹ má dè é pinpin, kí ẹ wo apá ibi tí ọkọ̀ fẹ́ lọ.