Bí Obìnrin Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Tó Ti Dàgbà Ṣe Lè Mú Àrà Bàtà Ìgbàlódé Bá Ara Rẹ̀ Mu

Nínú òwò aṣọ, obìnrin tí kò bá ga ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 163 lọ ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n sì máa ń gé aṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí apá aṣọ má bàa gùn kọjá ọwọ́, kí ìbàdí rẹ̀ má sì sọ̀ kalẹ̀. Bàtà kò ní irú ìpín bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá gbòde lọ́dún kan, lẹ́sẹ̀ àwọn afìmúrahàn, àwọn tó ń wọ aṣọ tuntun fún aráyé wò, tó sábà máa ń ga ju sẹ̀ǹtímítà 175 lọ ni a ti kọ́kọ́ ń rí i, bí ó bá sì dé orí nọ́ńbà kékeré, gígùn rẹ̀ ló sábà máa ń dín kù jù. Ìsàlẹ̀ tó nípọn ṣì nípọn, ìdè tó fẹ̀ ṣì fẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ bá tún ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀ sí bó ṣe rí nígbà ọ̀dọ́. Mi ò gbà pé ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó pa oge tì, kí ó máa fi bàtà tí kò wù ú rìn. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni kí ó mú ẹyọ ohun kan nínú àrà tuntun, kí ó dín in kù sí ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó bá mu. Ẹ̀yin ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn ra bàtà.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹsẹ̀ yín bó ṣe rí lónìí

Nọ́ńbà bàtà tí ẹ ń wọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè má jẹ́ nọ́ńbà yín mọ́. Bí a bá ṣe ń dàgbà, àwọn iṣan tó so egungun ẹsẹ̀ pọ̀ máa ń dẹ̀, ibi tó ṣófo lábẹ́ ẹsẹ̀ á rọra máa wálẹ̀, ẹsẹ̀ á gùn díẹ̀, á sì fẹ̀ sí i. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ àti lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀, tó máa ń gba ìwúwo ara dúró, á máa fẹ́lẹ́ sí i, ìdí nìyẹn tí bàtà pẹlẹbẹ tó rọrùn fún ọmọ fi lè máa dun ìyá rẹ̀.

Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó wọn ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán dúró lé e lórí, kí ìwúwo ara yín wà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹlòmíràn sì bá yín fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ẹsẹ̀ náà ká, kí pẹ́ńsù dúró ṣánṣán, kí ó má ṣe yà sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ ṣe ti ẹsẹ̀ kejì náà, torí pé ọ̀kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ, èyí tó tóbi ni a sì ń ra bàtà fún. Ẹ gé ìwé náà ní ojú ìlà, kí ẹ máa mú un dání lọ sí ibi tí ẹ bá ti fẹ́ ra bàtà. Bí ẹ bá tì í bọ inú bàtà kan, tí etí ìwé náà sì ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà náà ti fún jù, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ nípa awọ tí yóò fẹ̀ bó bá yá. Ó tún yẹ kí ààyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 1, ṣẹ́ kù láàárín ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti imú bàtà.

Nínú ìdíwọ̀n Yúróòpù, nǹkan bíi mìlímítà 6.7 ni nọ́ńbà kan fi gùn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ó tó mìlímítà 8.5. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó sì fẹ̀, tó wá lọ fi nọ́ńbà kan kún tirẹ̀ kí ìbú bàtà lè tó o, gígùn tí kò nílò ló rà: gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa yọ jáde, ibi tí bàtà ti ń ká kò sì ní ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ká. Ìbú ni kí ẹ béèrè. Àwọn tó ń ṣe bàtà lọ́nà Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi lẹ́tà sí i. D ni ìbú tó wọ́pọ̀ fún obìnrin, E àti EE fẹ̀ jù ú lọ.

Bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ 34 tàbí 35, tí ti àgbà kò sì sí, ẹ lè wo ibi tí wọ́n kó bàtà ọmọdé sí, nítorí nọ́ńbà Yúróòpù ti ọmọdé àti ti àgbà wà lórí ìlà kan náà. Kánfáàsì àti loafer, ìyẹn bàtà awọ tó bo gìgísẹ̀ àmọ́ tí kò ní okùn, ló dára jù láti ibẹ̀. Kí ẹ kàn yẹra fún èyí tó ní àwòrán àti iná, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ inú rẹ̀ wò, torí pé ara tó fúyẹ́ ni wọ́n ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún.

Ẹ mọ gíga tí ẹsẹ̀ yín lè gbé

Obìnrin kúkurú a máa fẹ́ fi bàtà ga sí i, kò sì sí aburú níbẹ̀, àmọ́ ìṣirò kan wà tó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀. Nínú ìdíwọ̀n Yúróòpù, bàtà nọ́ńbà 40 gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 26.7, nọ́ńbà 35 kò sì ju bíi 23.3 lọ. Bí gìgísẹ̀ bàtà méjèèjì bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 7, ẹsẹ̀ kékeré ni yóò dagun jù, orí àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sì ni ìwúwo ara yóò rọ́ sí jù. Gìgísẹ̀ tí obìnrin gíga ń pè ní èyí tó mọ níwọ̀n lè ti pọ̀ jù fún yín, kì í ṣe nítorí pé ẹ kò lágbára, bí kò ṣe nítorí pé ẹsẹ̀ yín kúrú.

Nítorí náà, ẹ má wo gíga ẹ̀yìn bàtà nìkan. Ẹ yọ nínípọn iwájú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ 3, sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni ẹsẹ̀ fi dagun nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti gbé yín sókè. Àmọ́ kí ẹ má rò pé bó bá ṣe nípọn tó ni ó ṣe dára tó, nítorí ìsàlẹ̀ tó nípọn tó sì rọ̀ jù kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀ dáadáa, ọrùn ẹsẹ̀ sì tètè máa ń yí lórí rẹ̀. Mo fara mọ́ èyí tí iwájú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, tó le díẹ̀ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Fún ìrìn ojoojúmọ́, gìgísẹ̀ tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù, torí pé gìgísẹ̀ gíga tó tín-ín-rín wà lára ohun tó ń mú kí àgbàlagbà ṣubú. Ẹ mú bàtà náà lọ́wọ́, kí ẹ gbìyànjú láti ká a: iwájú, níbi tí ọmọ ìka ti ń ká, ni kí ó ti ká. Bí ó bá ká láàárín, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ kí ojú rí ẹsẹ̀ bí ohun kan tó gùn

Ní ọdún 1957, nígbà tí Gabrielle Chanel, gbajúgbajà aránṣọ ará Faransé, ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó gbé bàtà kan jáde tí àwọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ti iyanrìn, tí imú rẹ̀ dúdú, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kọjá. Àwọ̀ iyanrìn yẹn máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gùn lójú, nítorí kò fi ààlà sáàárín bàtà àti ara. Imú dúdú náà sì ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kéré lójú. Títí di òní, wọ́n ṣì ń wọ irú bàtà náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọ̀ ara àwọn kan ni iyanrìn ń bá lọ. Bí tiyín bá jẹ́ àwọ̀ kòkó tàbí dúdú mìnìjọ̀, àwọ̀ bàtà tó sún mọ́ tiyín ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá kọ "àwọ̀ ara" sí lára.

Bí ẹ bá wọ ṣòkòtò, ẹ lè mú bàtà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣòkòtò náà dọ́gba. Orí ẹsẹ̀ tó bá hàn díẹ̀ ń fi gígùn kún un, torí náà bàtà tí ẹnu rẹ̀ lọ sílẹ̀ dára ju èyí tó bo ẹsẹ̀ dé ọrùn lọ. Ìdè tó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká ni mo rí bí èyí tó ń gé obìnrin kúkurú kù jù lọ, pàápàá bó bá nípọn tó sì dúdú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ sá fún ìdè pátápátá, nítorí òun ló ń di bàtà mọ́ ẹsẹ̀: ẹ jẹ́ kí ó wálẹ̀ sí orí ẹsẹ̀, kí ó tín-ín-rín, kí àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti bàtà mu. Imú tó rọra tín-ín-rín, tí kò sì ṣóńṣó, ń ṣe iṣẹ́ tí imú ṣóńṣó ń ṣe láì ká ìka lọ́wọ́ kò, pàápàá fún ẹni tí eegun ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá mú àrà náà, kí ẹ dín in kù

Kánfáàsì ńlá tó wú bí àkàrà ti gbòde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́sẹ̀ obìnrin tó kéré, bàtà nìkan ni ojú máa ń rí. Ẹ mú kánfáàsì tí ìlà ara rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó ní àwọ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun tó jẹ́ ti ìgbà lára rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ fàdákà tàbí okùn tó yàtọ̀. Loafer tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ń gbá ilẹ̀ mú dáadáa, èyí sì wúlò, àmọ́ kí eyín náà kúrú, kí irin orí rẹ̀ sì jẹ́ kékeré.

Bàtà pẹlẹbẹ ti àwọn oníjó ballet, ẹ yan irú rẹ̀ tó ní ìdè lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní Mary Jane, tó sì ní gìgísẹ̀ kékeré bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Lójú tèmi, nínú gbogbo àrà tó wà lóde, òun ló bá àgbàlagbà obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ mu jù: ó fúyẹ́, ó ń fi orí ẹsẹ̀ hàn, kì í sì í bọ́. Kí ó má ṣe ní ọ̀já rìbọ́ǹnù, nítorí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó dà bíi ti ọmọ iléèwé.

Bùútù tó dúró sí àárín ojúgun ló ṣòro jù. Ẹ mú èyí tó fara mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnu ṣòkòtò tàbí etí síkẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, kí ìlà má bàa já. Bàtà tí kò lẹ́yìn, tí a kàn ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, ni kí ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó rẹwà tó. Ìka ẹsẹ̀ ní láti máa dì í mú ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó lè yọ.

Ẹ gbé e lọ fún ṣúmékà

Ọ̀pọ̀ bàtà tí a kọ̀ sílẹ̀ kò nílò ju àtúnṣe kékeré lọ. Ṣúmékà tó mọṣẹ́ lè gé gìgísẹ̀ kúrú, àmọ́ kí ó má kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1, nítorí bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, imú bàtà á gbé sókè, bàtà náà á sì máa ti ẹni sẹ́yìn. Ó lè yọ ìdè ọrùn ẹsẹ̀, kó fi lásítíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí ẹsẹ̀ dípò rẹ̀. Ó lè lẹ rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ tó ń yọ̀. Ó sì lè na awọ níbi tí eegun ti yọ. Tìmùtìmù kékeré tí wọ́n ń fi sí inú bàtà nítorí ìrora iwájú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ibi tó ń dunni gan-an ni kí ó wà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ríro kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ lè fi okùn onílásítíìkì rọ́pò okùn kánfáàsì.

Ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé ná

Ẹ rìn nínú rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú aṣọ tí ẹ fẹ́ fi wọ̀ ọ́, kí ẹ sì dúró níwájú dígí tó hàn láti orí dé ẹsẹ̀, torí pé dígí kékeré ilé ìtajà kò fi ju ọrùn ẹsẹ̀ hàn. Bí ojú yín bá kọ́kọ́ lọ sí bàtà, tó sì dúró síbẹ̀, nǹkan kan lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ wo ara ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìrora dáadáa mọ́, kò gbọ́dọ̀ gbára lé bó ṣe rí lára. Ojú ni kí ó fi wò ó, kí ó sì ti ọwọ́ bọ inú bàtà láti mọ̀ bóyá ojú rírán kan ń gún. Bí awọ ẹsẹ̀ bá pọ́n níbì kan, tí pípọ́n náà kò sì tíì lọ lẹ́yìn ìdajì wákàtí mìíràn, ẹ dá bàtà náà padà nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ́.