Bí Mo Ṣe Kọ́ Aládùúgbò Mi Tó Ń Sọ Sípáníìṣì Ní Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí Sípáníìṣì bá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ kì í kàn ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ ṣá. Àṣìsọ kọ̀ọ̀kan ló ní orírun, inú Sípáníìṣì fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá. Ohun tí mo rí nìyẹn nígbà tí mo ń kọ́ aládùúgbò mi kan ní Houston ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́ bí mo ṣe ṣe é, torí a pọ̀ ní ìlú yìí, àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì náà sì yí wa ká níbi iṣẹ́, ní ọjà àti nílé ìwé àwọn ọmọ wa.

Honduras ni ìyá náà ti wá. Ó jù mí lọ dáadáa, nítorí náà Señora ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní maestra, bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà obìnrin lọ́dọ̀ wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ní gíríìn káàdì, ó wá fẹ́ gba ìwé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà, àmọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìjọba ló ń bà á lẹ́rù. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba á bá a sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Á gbé gbólóhùn mẹ́ta kalẹ̀ fún kíkà, ó gbọ́dọ̀ ka ọ̀kan ó kéré tán bó ṣe yẹ. Á tún pe gbólóhùn fún un kó kọ ọ́, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni. Ìbéèrè lórí ìtàn àti ètò ìjọba Amẹ́ríkà tún wà ńbẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn rí, mo sì gbọ́ Sípáníìṣì díẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo bá ní ká jọ ṣe é.

Mo kọ́kọ́ wá àkójọ ọ̀rọ̀ tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún apá ìwé kíkà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gùn rárá. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀-ìṣe ló wà nínú rẹ̀: can, come, do, does, have, has, lives, lived, pay, vote, want àti díẹ̀ sí i. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ibi tí wàhálà ẹni tó ń sọ Sípáníìṣì wà gan-an ni àkójọ náà dúró sí. Mo tún ra ìwé kékeré kan. Ohunkóhun tí Señora bá ṣì sọ, mo kọ ọ́ sí apá kan, mo sì ní kó bá mi sọ ọ́ ní Sípáníìṣì kí n kọ ìyẹn sí apá kejì. Nǹkan tí mo rí nínú ìwé yẹn pọ̀ ju ohun tí mo rí nínú ìwé gírámà èyíkéyìí lọ.

Orí olùwà, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí gbólóhùn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, la ti bẹ̀rẹ̀. Ní Sípáníìṣì, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan: hablo (mo ń sọ̀rọ̀) jẹ́ tèmi, hablas jẹ́ tìrẹ, hablamos jẹ́ tiwa. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, wọn kì í sábà dárúkọ olùwà mọ́. Ìdí nìyẹn tí Señora fi ń sọ pé "Is important," tó tún ń sọ pé "Is raining." Àwa Yorùbá kì í bọ́ sínú ìyẹn, torí a ò jẹ́ sọ pé "Ṣe pàtàkì" nígbà tí a ní "Ó ṣe pàtàkì" lọ́kàn. Òfin tí mo fún un ni pé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá ní olùwà kò tíì pé, àfi tó bá jẹ́ àṣẹ. Nígbàkígbà tó bá gbàgbé, mo kàn ń gbé ìka kan sókè, á dákẹ́, á wá fi "It" síwájú. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìka sókè kí n tó gbé tèmi.

Lẹ́tà s tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn he, she àti it ló gba àkókò jù. Sípáníìṣì ní ìparí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún olùwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ti jù wọ́n nù débi pé, yàtọ̀ sí be, s yìí nìkan ló kù. Lójú Señora, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìparí kankan, ló ṣe ń gbàgbé èyí tó kù. Nínú èdè tiwa, "lọ" ni "lọ" fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà àwa náà ń gbàgbé rẹ̀. "He live" tí ó sọ àti "He live" tí akẹ́kọ̀ọ́ mi n'Íbàdàn sọ kò ti ojú kan náà wá, èmi ò sì lè fi àlàyé kan náà tún un ṣe.

Mo gé páálí sí wẹ́wẹ́, mo fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí tábìlì ìdáná rẹ̀: she, work, here. Mo kọ s sórí páálí tirẹ̀, mo fi ti work lẹ́yìn. "She works here." Tí a bá wá fẹ́ fi ṣe ìbéèrè, do á wọlé síwájú gbólóhùn, s á kúrò lára work, á lọ bá do, wọ́n á sì di does: "Does she work here?" Ẹrù kan ṣoṣo ni s, ẹni méjì kì í rù ú pọ̀. Señora fi ìka mú páálí s náà, ó ń wọ́ ọ lọ lórí tábìlì, ó ń sọ fún un pé "Ven, ven," wá, wá. Tó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá ni, ed á kúrò lára worked, do á sì di did. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ṣàṣà ni ìgbà tó sọ pé "Does she works" mọ́.

Ìdí tí ìbéèrè fi le fún wọn ni pé ohùn nìkan ti tó láti sọ gbólóhùn di ìbéèrè ní Sípáníìṣì, àmì ¿ sì ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀. "¿Usted vive aquí?" (Ṣé ibí lẹ ń gbé?) Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó wọlé. Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní níbí, torí ibi tí a ń fi "Ṣé" sí ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi do sí. Señora bi mí pé báwo ni òun yóò ṣe fi ọ̀wọ̀ hàn fún òṣìṣẹ́ ìjọba náà nínú ìbéèrè, nígbà tí you kan náà wà fún ọmọdé àti àgbà. Ó yé mi dáadáa, torí usted tirẹ̀ ni "ẹ" tiwa. Mo ní kó máa fi sir tàbí ma'am sí i, kó sì máa lo please.

Ti ìyísódì, "I don't have nothing" ló máa ń jáde, torí "No tengo nada" ni wọ́n ń sọ nílé, gbólóhùn náà sì tọ̀nà lọ́dọ̀ wọn. Mi ò sọ fún un rí pé kò bọ́gbọ́n mu. Mo kàn ní kí "kò" kan ṣoṣo wà nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan.

Fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe, a kò jìnnà. Sípáníìṣì sábà ń fi í sẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ bíi tiwa, Casa Blanca, Ilé Funfun. White House wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo bá ní kó fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ìyókù. Ohun kan péré ló kù, pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì kì í gba s ọ̀pọ̀: "big cities" ni, kì í ṣe "bigs cities."

In, on àti at ni mo bá a kẹ́dùn lé lórí, torí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi, en ló sábà ń dá ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Sípáníìṣì, bí "ní" ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. A fi ìgbésí ayé tirẹ̀ kọ́ ọ: in fún ìlú, oṣù àti ọdún, on fún òpópónà àti ọjọ́, at fún nọ́ńbà ilé àti aago. Ó ń sọ àdírẹ́sì rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi mọ́ ọn.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ká fi "have" tó ń bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rìn sílẹ̀ de ìgbà mìíràn, torí ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ìwé N-400 tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ọmọ-ìlú kò gbà bẹ́ẹ̀. "Have you ever" ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ sì lè tún wọn bi í lójúkojú. Ó dùn mọ́ mi pé Sípáníìṣì ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: "¿Alguna vez ha…?" Ó gbà á kíákíá. Èyí tó kù ni "I live here since ten years," tí a tún ṣe sí "I have lived here for ten years." Ìdáhùn ni mo tẹnu mọ́ jù. "No, I have never" ló yẹ kó sọ, torí "No, I haven't never" lè mú kí ẹni tó ń gbọ́ ọ máa rò ó pé ṣé ó ṣe é ni àbí kò ṣe é. Nínú yàrá yẹn, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Bákan náà, mo ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣókí tirẹ̀ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ líle inú ìwé náà, nítorí wọ́n lè bi í pé kí ni ìtumọ̀ wọn.

Ó yege, ó sì ti búra. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà ti wá bá mi. Páálí kan náà la ń lò, àmọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti fi "Have you ever" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ báyìí, lẹ́yìn olùwà tààrà, mo sì ti ń rí i pé ìyẹn ń jẹ́ kí do àti did tètè yé e.