Bí a ṣe ń ṣe nọ́ńbà mọ́tò ní Ìlú Ọba kó má bàa di wàhálà

Ẹni tó bá ti ra mọ́tò rí nílé mọ̀ pé ìjọba ló ń ṣe pátákó nọ́ńbà, ìjọba náà ló ń fún ni. Ní Ìlú Ọba, ọ̀tọ̀ ni ti wọn. DVLA, àjọ tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ló ń yan nọ́ńbà fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù la ti ń lọ ṣe pátákó rẹ̀. Bí àbùkù bá wà lára pátákó náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sídìí ọkọ̀ ni ọlọ́pàá máa dá dúró. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000, ọkọ̀ náà sì lè fìdí rẹmi nínú MOT, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì dára fún títì.

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó dání. Ṣọ́ọ̀bù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA ni kẹ́ ẹ lọ, ojúlówó ìwé ni wọ́n sì máa bèèrè, wọn kì í gba fọ́tòkọ́pì. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan máa fi hàn pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ ara yín: láísẹ́ǹsì tàbí bíìlì iná tí kò tíì ju oṣù 6 lọ. Èkejì máa fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà náà, ìyẹn V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí V5C tuntun kò tíì dé, abala aláwọ̀ ewé V5C/2 tó já fún yín ti tó. Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í bèèrè ìwé kankan, wọ́n á ní nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ làwọn ń tà. Ẹ má gbé irú ẹ̀ jáde sí títì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ pátákó náà wò dáadáa. Funfun ni ti iwájú, ti ẹ̀yìn jẹ́ yẹ́lò, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa tan ìmọ́lẹ̀ padà, wọn ò sì gbọdọ̀ ní àwòrán kankan lábẹ́ lẹ́tà. Dúdú ni lẹ́tà. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 79, fífẹ̀ rẹ̀ 50, àyàfi 1 àti I. Mìlímítà 11 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, 33 sì láàárín ìsọ̀rí méjèèjì: nínú BD51 SMR, ẹ̀yìn 51 ni àlàfo ńlá yẹn wà. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ pátákó fún orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti póòsìkóòdù rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá so mọ́ ọkọ̀ láti September 1, 2021 gbọ́dọ̀ ní BS AU 145e lára, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé ó bá ìlànà pátákó nọ́ńbà mu.

Ibi àlàfo yìí lọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà, torí a fẹ́ràn kí orúkọ wa hàn lára mọ́tò. Ẹni tó ń jẹ́ Bọ́lá á ní kí wọ́n sún 1 àti 3 mọ́ra kó lè dà bíi B. Ẹlòmíràn á fi súkúrù dúdú há àárín 11 kó lè di H. Kámẹ́rà ò mọ Bọ́lá o, nọ́ńbà ló ń kà! DVLA sì lágbára láti gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ padà. Owó ńlá tẹ́ ẹ fi rà á wá ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ra nọ́ńbà àrà ọ̀tọ̀, ẹ rántí pé kò gbọdọ̀ mú kí ọkọ̀ dà bíi pé ó kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. 51 tó wà lókè yẹn túmọ̀ sí September 2001 sí February 2002, ẹ ò lè fi í sára ọkọ̀ ọdún 1998.

Àsíá Nàìjíríà ńkọ́? Kò sí nínú àwọn tí òfin gbà láyè lórí pátákó. Ti UK, England, Scotland àti Wales nìkan ni. Ẹ lẹ aláwọ̀ ewé àti funfun yín mọ́ ibòmíràn lára ọkọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa wakọ̀ náà lọ sí Faransé, lẹ́tà GB tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ Ìlú Ọba mọ̀ lókè òkun ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti September 28, 2021. UK ni kẹ́ ẹ ní, lórí pátákó tàbí kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní Spain, dandan ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́, ì báà ti wà lórí pátákó.

Tẹ́ ẹ bá ń so ó, ẹ lo súkúrù tí orí rẹ̀ bá àwọ̀ pátákó mu, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí lẹ́tà. Alùpùpù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti September 1, 2001, ẹ̀yìn nìkan ni tirẹ̀ máa ń wà. Iná kékeré tó ń tàn sórí nọ́ńbà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Nígbà òtútù, ẹrẹ̀ àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì máa ń bò ó, kí akísà má jìnnà sí yín. Bí irin tẹ́ ẹ fi ń gbé kẹ̀kẹ́ bá sì dí i lójú, pátákó mìíràn gbọ́dọ̀ wà lórí irin náà.

Bí olè bá yọ nọ́ńbà yín lọ, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kẹ́ ẹ tó ṣe òmíràn. Òun lẹ máa fi dáhùn lọ́jọ́ tí ìwé ìtanràn bá dé láti ìlú tẹ́ ẹ ò dé rí.