Bí A Ṣe Ń Yẹ Dọ́là Morgan 1893-S Wò Kí A Tó Ná Owó Ńlá Lé E

Dọ́là fàdákà Morgan ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́dún 1878. Èyí tí San Francisco rọ ní 1893, tí wọ́n ń pè ní 1893-S nítorí S kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ju 100,000 lọ, òun ló sì kéré jù nínú àwọn tó jáde sí ọjà. Nígbà tí òfin Pittman, tó jẹ́ kí ìjọba lè yọ́ dọ́là fàdákà, dé ní 1918, wọ́n yọ́ èyí tó lé ní 270 mílíọ̀nù láìwo ọdún tó wà lára wọn. Ìdí nìyí tí 1893-S tó ti gbó lọ́wọ́ èèyàn fi ń gba ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan. Òun náà ló fà á tí ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀.

Owó tí ẹ máa fi rà á gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ kò ní béèrè fún ọdún márùn-ún. Tó bá jẹ́ owó ilé tàbí owó iléèwé ọmọ, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ wá ìwọ̀n tó ń ka dé 0.01 gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ra wúrà ń lò. Ẹ wá awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, àti mágínẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà fóònù dára fún yíya fọ́tò, àmọ́ ẹ má fi í dájọ́: ó máa ń tún àwòrán ṣe fúnra rẹ̀, á sì bo ohun tí ẹ ń wá. Ẹ tún ra Morgan 1881-S kan. Ó pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n, òun ni ẹ ó máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Ojúlówó tuntun wọn 26.73 gíráàmù, ó fẹ̀ ní mìlímítà 38.1, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Mágínẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ gbá a mú. Èyí tó ti gbó díẹ̀ lè fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ tí ìwọ̀n bá ka 25, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rèé o. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, á pé. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ní gbá a mú. Ni wọ́n á bá sanwó. Bẹ́ẹ̀, ayédèrú tó burú jù, fàdákà gidi ni. Ẹni tó ń ṣe é á mú 1893 tí Philadelphia rọ, tí kò ní àmì kankan, á lẹ S kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹlòmíràn á mú 1898-S, á fá 8 tó gbẹ̀yìn títí á fi di 3. Ìwọ̀n kankan ò lè tú àṣírí ìyẹn.

Ohun tó ń tú u ni pé òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni San Francisco fi tẹ ojú gbogbo 1893-S. Àléébù tó bá wà lára òǹtẹ̀ yẹn wà lára gbogbo wọn. Ẹ gbé awò sí ọ̀rọ̀ LIBERTY tó wà lára ọ̀já orí obìnrin náà. Ní apá òkè lára lẹ́tà T, ìlà kékeré kan dá gẹ̀rẹ̀, ó sì yọ sókè. Ẹsẹ̀ òsì R náà ní ibi tó yọ. Ẹ wá wo ọdún: 1 tó ṣáájú dúró gangan lórí ọ̀kan nínú eyín wẹ́wẹ́ tó yí etí owó náà ká.

Tí ìlà T kò bá sí lára èyí tí kò tíì gbó púpọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín pé ó ti pa rẹ́. Àmọ́ tó bá wà, ẹ má tíì yọ̀. Àwọn kan ń fi ojúlówó ṣe òǹtẹ̀ tuntun, àléébù náà á sì bá a wọlé. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Lábẹ́ ọ̀já ewé, lókè D àti O inú DOLLAR, ẹ wo ìdí S náà yípo. Ibi tó bá dúdú bí ìdọ̀tí tàbí tó ní ààlà tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ gúlúù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀. Gílóòbù kan péré ni kí ẹ tàn, kí ẹ di owó náà mú létí, kí ẹ máa yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Tí ìlà wẹ́wẹ́ bá ń sáré gba ọ̀nà kan náà, wọ́n ti fi nǹkan nù ún, iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ọṣẹ kàn án láé.

Ní tèmi, 1893-S tí kò bá sí nínú ike PCGS tàbí NGC, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ owó wò tí wọ́n sì ń dì í sínú ike, kì í ṣe fún rírà. Síbẹ̀, wọ́n ń ṣe ayédèrú ike pẹ̀lú. Ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí orí ìkànnì iléeṣẹ́ náà, kí ẹ fi fọ́tò ibẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ojú àpá kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá kọ Details sára ike náà, ojúlówó tó ti bàjẹ́ ni. Ẹ má san iye èyí tó pé. VF (Very Fine), ìyẹn 20 sí 35 lórí òṣùwọ̀n bí owó ṣe gbó sí, tó parí sí 70, ni kí ẹ dúró sí. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ìyàtọ̀ tí ojú lásán ò rí lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó nawọ́. Tí ẹ bá pe 6,000 dọ́là ní gbàǹjo tó ń gba 20 lórí ọgọ́rùn-ún lé e lọ́wọ́ ẹni tó rà á, 7,200 ni ẹ máa san. Tí oníṣòwò bá ní 5,200 lòun lè fi gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, 2,000 ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé ní Amẹ́ríkà tún gbọ́dọ̀ rántí pé owó orí lórí èrè irú nǹkan báyìí lè tó 28 lórí ọgọ́rùn-ún.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé ẹ lè dá a padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi káàdì sanwó. Ẹni tó bá ní owó ọwọ́ nìkan lòun ń gbà, tí kò sì fẹ́ fọwọ́ síwèé, ẹ gbé ìwọ̀n yín, ẹ máa lọ.