Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Àgbà Abúlé Wa Ní Mọ̀ọ́kọ-Mọ̀ọ́kà

Ajíhìnrere ni ọkọ mi. Nígbà tí ìjọ rán an lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, tilé tọmọ la kó kúrò ní Abẹ́òkúta. Àwọn ìyàwó òjíṣẹ́ Ọlọ́run mélòó kan ti ń bi mí léèrè bí mo ṣe dá kíláàsì àgbà sílẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ABD rárá, mo kọ́kọ́ bá wọn gbé. Mo bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́, mo jókòó nídìí agbada, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yan gàrí tí kò fi ní jóná àti bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ láfún. Àwọn ọmọ mi ń bá àwọn ọmọ wọn lọ pọnmi. Ìyá tó ti kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í tijú kí èmi náà kọ́ òun ní nǹkan. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n béèrè bóyá onígbàgbọ́ nìkan ló wà fún. Mo ní rárá, Bàbá, Mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe, ẹni tó bá ti wù. Wọ́n ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa lo abẹ́ igi iwájú ilé mi." Ó dá mi lójú pé ká ní inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti bẹ̀rẹ̀ ni, ìlàjì wọn kò ní wá.

Ìrọ̀lẹ́ la fi sí, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kò sóhun tó ń lé àgbà kúrò nídìí ìwé bíi kéèyàn pè é lásìkò tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lórí iná. Ká tó bẹ̀rẹ̀, mo ra ṣọ́ọ̀kì, ìwé àti pẹ́ńsùlù ní ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Káfíńtà abúlé kan pátákó fún wa, ó sì kùn ún ní dúdú.

Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ABD Yorùbá, ṣùgbọ́n n kò tò wọ́n síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Màmá kan wà tó di pẹ́ńsùlù mú bí ẹni di ọ̀bẹ ìbẹ̀gẹ́. Bébà ń ya, òógùn ń bọ̀ níwájú orí wọn. Mo gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ wọn, mo da yanrìn sórí àtẹ, mo ní kí wọ́n fi ìka kọ ọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ, títí ọwọ́ wọn fi rọ̀. Ẹ má ṣe kánjú fún àgbà ní pẹ́ńsùlù.

Ìwé tí wọ́n ti mọ̀ sórí ló kàn. Àwọn onígbàgbọ́ inú wọn mọ Sáàmù 23 dáadáa, àmọ́ àkọ́sórí kì í ṣe ìwé kíkà. Ojú á wà lórí ìwé, ẹnu á máa lọ ní tirẹ̀. Nítorí náà mo kọ ẹsẹ kìíní sí bébà gígùn, mo fi síṣọ́ọ̀sì gé e ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo dà wọ́n rú. Kí ẹnì kan tó lè tò wọ́n padà, ó di dandan kó wo lẹ́tà. Fún àwọn Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe, oríkì ìdílé wọn ni mo gé bẹ́ẹ̀.

Àmì ohùn ni mo rò pé yóò le jù, àfi ìgbà tí onígángan kan ní àgbàlá Baálẹ̀ dá sí i. Ó ń fi ìlù pe orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwa ń fetí sí i: ibi tí ìlù bá gòkè, a fa àmì òkè, ibi tó bá wálẹ̀, a fa ti ìsàlẹ̀, ibi tó bá dúró láàárín, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń gbọ́ ìlù láti kékeré, ìdí nìyẹn tó fi tètè yé wọn ju ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì lọ.

Nígbà tí àárẹ̀ bá mú wọn, tí ẹnì kan bá ní ọpọlọ òun ti gbó, mo máa ń sọ ìtàn Abẹ́òkúta fún wọn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì pẹ̀lú Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó kan, ibẹ̀ ló sì ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá. Ìyá náà gba ìrìbọmi ní 1848. Ní 1850 Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá láti ọwọ́ ọmọ yìí kan náà. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, Townsend gbé ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn jáde, ó ní ohun tóun ń wá ni kó di àṣà àwọn èèyàn láti máa fi ìwé kíkà wá ìròyìn. Àwọn ìyá wa fẹ́ràn apá ti Àfàlá jù. Wọ́n á ní kí n tún un sọ.

N kò ní purọ́, ó ná ìdílé mi ní nǹkan. Nígbà tí àkọ́bí wa parí prámárì, kò sí sẹ́kọ́ńdìrì nítòsí, ó wá di pé kó máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Abẹ́òkúta, kó máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ti bá ọkọ àti ọmọ rẹ̀ jíròrò rẹ̀ kí ẹrù tó wọ mọ́tò.

Ohun tó mú kí àwọn ọkùnrin dúró ni oògùn koríko, èyí tí wọ́n fi ń pa koríko lóko. Inú ike omi lásán ni wọ́n máa ń bù ú sí tà fún wọn, láìkọ nǹkan kan sí i, wọ́n á sì gbé e sí yàrá kan náà pẹ̀lú epo àti omi mímu. Ọjọ́ tí wọ́n ti lè kọ gbólóhùn, mo ní kí kálukú mú ike tirẹ̀ wá. A lẹ bébà mọ́ ọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́: OÒGÙN KORÍKO, MÁ MU. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tí kò sí nínú kíláàsì náà ń gbé ike wá.

Méjì nínú wọn ló ń darí kíláàsì báyìí nígbà tí n kò bá sí nílé, wọ́n sì ti ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó gàrí sínú ìwé. Ìṣirò ni wọ́n wá ń béèrè, kí àwọn oníbàárà tó ń wá láti Abẹ́òkúta má baà máa ṣírò owó fún wọn mọ́. Lẹ́yìn ìkórè la ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.