Ìhàlẹ̀ ogun lókè òkun, owó dísù ní Àkúrẹ́: bí mo ṣe ń ṣe é kí ẹ̀rọ ìlọta mi má baà dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata, tí ẹ ń lọ ẹ̀wà, tí ẹ ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lọ nǹkan ní Òkè-Àró, níbi tí ìyá mi ti lọ ata kó tó kù. Nígbà tí Ìráàkì wọ Kùwéètì ní 1990, ọmọdé ni mí. Kò yé mi ohun tó kan ìyá mi nínú ọ̀rọ̀ náà tó fi máa ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti yé mi báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìròyìn tó yẹ kí ẹ tẹ́tí sí. Ọ̀nà omi kan wà láàárín Ìráànì àti Ómánì, Hormuz ni wọ́n ń pè é. Níbi tó ti há jù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 33 lọ. Àkúrẹ́ sí Oǹdó jìn jù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo tí gbogbo ayé lò ní 2024 gbà kọjá. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé wọ́n ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ara wọn lágbègbè yẹn, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ni.

Ẹ rántí oṣù Kẹfà 2025. Ísírẹ́lì kọlu Ìráànì lọ́jọ́ 13. Lọ́jọ́ 22, Amẹ́ríkà náà ju bọ́ǹbù sí Fordow, Natanz àti Isfahan, níbi iṣẹ́ núkílíà Ìráànì, àwọn aṣòfin Ìráànì sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti Hormuz. Wọn ò tì í nígbà náà. Síbẹ̀, àgbá epo rọ̀bì kan ti kọjá dọ́là 78. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró lọ́jọ́ 24, ó já wálẹ̀ sí abẹ́ 70. Nílé wa ńkọ́? Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí gbé lítà bẹntiróò láti náírà 825 sí 880. Nígbà tí oṣù parí, 840 ló sọ̀ ọ́ sí, kò tíì padà dé 825 nígbà yẹn. Ìhàlẹ̀ lásán ti tó láti gbé owó epo gòkè. Sísọ̀kalẹ̀ ló máa ń pẹ́.

Àwọn kan á ní ṣebí a ti ń fọ epo nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni bẹntiróò ti ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ayé ń ta epo rọ̀bì ni àwọn náà fi ń rà á, wọ́n tilẹ̀ ń rà lára ti Amẹ́ríkà. Ó máa ń dùn mí wọra. Ní Ìlàjẹ, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, wọ́n ń fa epo látinú òkun. Epo ń jáde lẹ́yìnkùlé wa, ìjà àwọn ẹlòmíì ló ń bá wa dá iye rẹ̀.

Ẹ má tìtorí ìbẹ̀rù ra dísù jọ. Mo ti ṣe é rí. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Yúkíréènì ní oṣù Kejì 2022, dísù tí kò tó náírà 300 ní oṣù Kìíní ti ń lọ sí 800 nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ. Àyà mi já, mo kó gbogbo owó ọwọ́ mi ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Omi wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rú èéfín funfun, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn oníbàárà mi ń gbé abọ́ ata wọn kọjá níwájú mi.

Láti ọjọ́ náà, ìgò ni mo fi ń dán dísù wò. Ẹ wá ìgò funfun tó mọ́, ẹ bu dísù sínú rẹ̀, ẹ gbé e sójú kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa lọ. Bí ẹ bá rí ìlà kan nísàlẹ̀ ìgò, tí ohun tó wà lábẹ́ ìlà náà mọ́ ju tòkè lọ, ẹ dá kẹ́ẹ̀gì náà padà. Èyí tó dára náà, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ti bẹntiróò, ẹ má gbé e sínú yàrá tí èèyàn ń sùn.

Owó ni kí ẹ tọ́jú. Káàdì méjì ni mo ní lọ́dọ̀ alájọ, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti dísù. Iye lítà kan ni mo ń dá sórí ti dísù lójoojúmọ́, bí ọjà bá tà, bí kò tà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé kí ẹ mọ iṣẹ́ tí lítà kan ń ṣe. Ẹ rọ dísù kún táǹkì dé ojú àmì kan. Gbogbo kọ́ńgò tí ẹ bá lọ lọ́jọ́ náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri. Nírọ̀lẹ́, ẹ fi ìgò lítà kan wọn dísù padà dé ojú àmì, ẹ sì fi iye lítà pín iye ìlà. Tèmi ń lọ kọ́ńgò ẹ̀wà rírẹ 16. Nítorí náà, bí lítà bá fi náírà 160 gbówó lórí, náírà mẹ́wàá péré ló kan kọ́ńgò kan. Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ fi 100 lé e ń fi ogun Ìráànì rẹ́ ìyá alákàrà jẹ, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú wọn. Ẹni tó bá gbé kọ́ńgò márùn-ún wá ni mo ń gba 50 lé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan, mo fi í sílẹ̀.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nítorí abọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó pé mẹ́rin. Bí iná bá wà, tí ẹ sì ní mọ́tò oníná, ẹ lò ó.

Ọjọ́ Àìkú ni bọ́ǹbù Amẹ́ríkà yẹn bọ́ sí. Lọ́jọ́ Ajé, mo gba owó lọ́wọ́ alájọ, mo ra kẹ́ẹ̀gì méjì nílé epo, mo gbé ìgò sójú fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ìlà kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi irin yí ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Iye àná ni mo gbà lọ́wọ́ ìyá alákàrà.