Àṣìṣe tó ń ba ìwádìí ìtàn Èkó jẹ́ nígbà ìsinmi gígùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣèwádìí ìtàn Èkó nígbà ìsinmi kì í pẹ́ tán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá tàbí ti másítà tó mọ ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó dáadáa, ìdajì rẹ̀ ti lọ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé: wọ́n á fi orúkọ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí wá ìwé àtijọ́. Ẹni tó bá ń wá "Dosunmu", ọba Èkó, nínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ọba náà ò jẹ rí. "Docemo" ni wọ́n kọ sínú àdéhùn ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861 tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Abbeokuta". Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé Èkó ni gbogbo ìwé Èkó wà. National Archives tó ní fáìlì ìjọba amúnisìn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. CO 147, ìyẹn lẹ́tà láàárín Èkó àti Lọ́ndọ̀nù láti 1861 dé 1906, ilé ìwé àtijọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, Lọ́ndọ̀nù, ló wà. Ẹ ti gba lẹ́tà ìfinimọ̀ lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka yín lọ́sẹ̀ kìíní, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì àti ojú ìwé sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò tí kò ní nọ́ńbà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, kò tíì kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ tán, fóònù ti jáde, ó ti ń béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ kóòtù ni. Wọ́n á rò pé lọ́yà ló rán an wá. Ẹ béèrè oríkì ilé àti ibi tí àwọn baba ti wá ná. Tí wọ́n bá gbà kí ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀, ẹ tó gbé fóònù jáde. Ẹ má sì béèrè "ìkọlù 1851", ìyẹn ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun kọlu Èkó: Ogun Àgídìngbì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ìdílé kan ṣoṣo kò tó. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́, ọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní 1851, tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, orúkọ àdúgbò náà ti sọ ọ́. Ohun tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ nípa Akítóyè, tí wọ́n fi rọ́pò Kòsọ́kọ́, lè yàtọ̀ pátápátá sí tàwọn ará Ìgà Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, gbé dé Privy Council, kóòtù tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn, ní Lọ́ndọ̀nù, tó jàre rẹ̀ ní 1921, jẹ́ ká rí i pé ìtàn ìdílé ń di ẹ̀rí ní kóòtù. Ìtàn tí bàbá ń sọ lè jẹ́ èyí tí baba tiẹ̀ há sórí fún adájọ́. Kì í ṣe irọ́ o, àmọ́ ẹ wá ìwé ẹjọ́ ìdílé náà kí ẹ fi wé e.

Máàpù àtijọ́ náà ń ṣini lọ́nà. Láti 1955 ni LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Erékùṣù tí wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ Sùúrùlérè, nítorí náà àgbà tí ẹ ń wá ní Erékùṣù lè wà ní Mainland. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ ní Tinúbú, pàápàá, wọ́n ti wó o ní 2016.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ da ohùn náà kọ, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Ẹni tó bá kọ "oko Kosoko" láìsí àmì, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kò ní mọ̀ mọ́ bóyá oko ni wọ́n ń sọ tàbí ọkọ̀.